Korobá Tí Borghild Fi Omi Òkun Ṣan

Tí ẹ bá rí ẹnì kan nínú ọkọ̀ ojú omi, tó ki korobá bọ inú òkun, tó yí i lẹ́ẹ̀mejì, tó da omi rẹ̀ nù kó tó gbé e wọnú ọkọ̀, tó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó gbé e jáde, ẹ má wulẹ̀ bi í níbi tó ti wá. Ará etíkun wa ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ibòmíràn láti kí àgbà ni wọ́n ṣe ń kọ́ wa láti ṣan korobá. Ìpẹ́ ẹja, ẹ̀jẹ̀, ẹrẹ̀, èébì àlejò tí ìgbì ń dà láàmú, omi òkun ló ń fọ gbogbo rẹ̀. Borghild tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí le ju gbogbo wa lọ nínú ọ̀ràn náà. Mo ti rí i tó gba korobá lọ́wọ́ àlùfáà ìjọ wa, tó tún un ṣan lójú rẹ̀.

Ingvar, bàbá rẹ̀, ló kọ́ ọ. Apẹja ni Ingvar, kì í sọ̀rọ̀ tí kò bá nídìí. Nígbà tí ìwọ̀ ẹja ya Borghild ní àtàǹpàkò nígbà tó ṣì kéré, bàbá náà kò wá aṣọ, kò wá oògùn. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ki í bọ òkun, ó ní, "Omi yìí kò ní àrùn." Ojú ọgbẹ́ náà jiná. Láti ọjọ́ náà ni Borghild ti gbà pé ohun tí òkun bá ti fọ̀ ti mọ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè fi kún un.

Nígbà tí ara Ingvar ò gbé iṣẹ́ mọ́, Borghild ló ń dá wa ọkọ̀ náà. Ó fẹ́ ọkùnrin kan nígbà kan. Ọkùnrin náà lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì láàárín òkun, ó sì gbàgbé ọ̀nà ilé. Borghild kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí náà èmi náà ò ní sọ ju báyìí lọ. Lẹ́yìn ikú Ingvar, ẹja ò wá tó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ibùdó ìwádìí tó wà létí ọ̀sà wa sì ń wá ẹni tó mọ gbogbo àpáta tó fara pamọ́ sábẹ́ omi. Ọ̀sà ni mò ń pe apá òkun tóóró tó gba àárín òkè méjì wọlé yìí, níhà gúúsù Bergen. Borghild ta ọkọ̀ bàbá rẹ̀, ó gba iṣẹ́ ìjọba, ó di awakọ̀ àwọn onímọ̀.

Èmi Arnfinn ni mò ń se oúnjẹ níbẹ̀. Mo ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo mọ irú ènìyàn tí àwọn onímọ̀ jẹ́. Wọ́n á máa jẹun, ojú wọn á wà lára kọ̀ǹpútà. Tí mo bá fi yanrìn rọ́pò iyọ̀, wọn ò ní mọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá nínú omi kéré débi pé mi ò rí ìdí tí wọ́n fi nílò ọkọ̀ tó tóbi bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé ṣíbí tíì kan omi òkun, fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju gbogbo ènìyàn ilẹ̀ Nọ́wè lọ. Mo ní kí wọ́n má ṣe sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí mo bá ń se ọbẹ̀ ẹja.

Lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà ti dẹ́rù ba gbogbo ayé, àwọn ará ìlú wa gbọ́ pé fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wò níbùdó wa. Ọ̀rọ̀ wá di àhesọ. Mo wà lẹ́yìn Borghild ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí Torgeir tó ni ṣọ́ọ̀bù fà sẹ́yìn nígbà tó fẹ́ gba kọfí tí Borghild fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ṣírò owó.

"Borghild, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń sin fáírọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún?"

"Àwa ni."

"Ẹ ń sìn ín! Fún kí ni?"

"Fún ìgbádùn. A ti sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó ya òmùgọ̀ jù nínú wọn, Torgeir là ń pè é."

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín, Torgeir náà rẹ́rìn-ín, ó sì gba kọfí náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yé Borghild fúnra rẹ̀ dáadáa. Ó ń wa ọkọ̀, ó ń so okùn, ó ń gbé korobá. Fáírọ́ọ̀sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó wà nínú ilé pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn. Lójú tirẹ̀, òkun kò ní àrùn.

Ìgbà òtútù ń lọ sópin nígbà tí Ragna dé. Ọmọ òkè ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Røros, níbi tí ènìyàn ti lè dàgbà kó gbó láì rí òkun. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé láti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ó ní ọmọbìnrin kékeré kan, Åse, tó fi sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nílé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, ó gbé korobá rẹ̀ wọlé gbígbẹ, bó ṣe wà. Borghild gbà á, ó ṣan án.

"Kò dọ̀tí, Àǹtí," ni Ragna wí.

"Mo rí i pé kò dọ̀tí."

"Kí lẹ wá ń fọ̀ níbẹ̀?"

"Ìwọ ni mò ń fọ̀. Jókòó, ọkọ̀ fẹ́ ṣí."

Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ní ibi tiwa, ẹni tí a bá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni a gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Ragna wá ṣe, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdọọdún, ọ̀sà wa a máa yí àwọ̀ padà. Á dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, pẹ̀lú àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú. Ewéko kan tó kéré ju ohun tí ojú lè rí ló ń bí sí i bẹ́ẹ̀, ó sì wọ ẹ̀wù ẹfun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi náà á dédé mọ́, ẹfun á rì sísàlẹ̀, á tán. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ wọn ti mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ló ń pa ewéko náà. Ohun tí Ragna fẹ́ mọ̀ ni bí yóò ti rí tí fáírọ́ọ̀sì ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Báwo ni yóò ṣe pẹ́ láyé tó? Kí ni yóò ṣe fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbé inú omi?

Wọ́n so àpò ọ̀rá ńláńlá márùn-ún mọ́ pèpéle kan tó léfòó láàárín ọ̀sà. Àpò kọ̀ọ̀kan ga ju ilé alájà méjì lọ, gbogbo rẹ̀ wà nínú omi, ẹnu nìkan ló yọ síta. Mẹ́rin kún fún omi ọ̀sà lásán. Omi inú ìkarùn-ún ni wọ́n ti sẹ́, wọ́n tún un sẹ́, wọ́n tan iná tó ń pa kòkòrò sí i títí ohun kankan ò fi ṣẹ́kù níbẹ̀. Ewéko tí Ragna tọ́jú nínú ìgò fúnra rẹ̀ ló dà sí i, ó sì fi ìdérí tó dà bíi gíláàsì bò ó. Nítorí pé òun nìkan ló dá wà, Àdágbé ni a sọ ọ́.

Owó ìjọba tí Ragna fi ń kàwé máa tán kí òjò ìgbà ìwọ́wé tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù Karùn-ún kan ṣoṣo ló wà láàárín. Tí Àdágbé bá wà láàyè títí àwọn mẹ́rin yòókù fi kú, tí ó sì tún ń bá a lọ lẹ́yìn ìyẹn, Ragna ti rí ohun tó wá. Tí kò bá wà láàyè, àpò mẹ́rin tó ń ṣe ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ ló kù fún un. Halvard, ọ̀gá ibùdó, kò fi pa mọ́ fún un: "Tí Àdágbé bá bàjẹ́, mi ò ní òmíràn."

Nítorí náà, Àdágbé ní òfin tirẹ̀. Òun ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láràárọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan àwọn yòókù. Korobá rẹ̀ wà lọ́tọ̀ nínú ọ̀rá tí wọ́n dì pa. Omi tí wọ́n sè lórí ilẹ̀, tí wọ́n rọ sínú kẹ́ẹ̀gì, ni wọ́n fi ń ṣan korobá náà kó tó wọ inú àpò. Ó kù díẹ̀ kí Borghild fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́.

"Ẹ ń bẹ̀rù kí òkun má baà kó ìdọ̀tí bá omi yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Òkun!"

"Òkun náà ni."

Ṣùgbọ́n ó pa òfin náà mọ́. Kì í ṣe ẹni tó ń fi iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣeré. Àwọn àpò náà funfun, ọ̀kọ̀ọ̀kan, Àdágbé náà funfun pẹ̀lú wọn, Ragna sì ń kọrin nínú ilé ìwẹ̀ ní òwúrọ̀, èyí tí kò dùn mọ́ mi.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ látinú inú rere. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù Karùn-ún, tí í ṣe àyájọ́ orílẹ̀-èdè wa, gbogbo ọmọdé ilẹ̀ wa ló ń tò rìn pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ìyá Ragna ti pinnu láti mú Åse wá sọ́dọ̀ wa, kí ọmọ náà lè bá àwọn ọmọ ìlú wa rìn, kí ìyá rẹ̀ lè rí i. Ragna ní òun ò lè lọ wò ó. Àárọ̀ ni wọ́n ń rìn, àárọ̀ náà ni wọ́n ń bu omi nínú àpò, Halvard sì ti lọ sí Bergen sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tirẹ̀. Inú ilé ìdáná mi ni wọ́n ti sọ ọ́, Borghild ń ha wàràkàṣì sórí búrẹ́dì rẹ̀.

"Èmi ló máa lọ bu ú," ló wí, kò gbójú sókè.

"Àǹtí, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n..."

"Ṣùgbọ́n kí ni? Ojoojúmọ́ ni mo ń wò ọ́. Ṣé mi ò mọ korobá ni?"

"Tó bá jẹ́ ti korobá ni, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó ọ," ni mo wí. Ọlọ́run ló mọ̀ pé àwàdà ni mò ń ṣe.

"Ẹ sọ bí ẹ ṣe máa ṣe é," ni Ragna wí, bíi tíṣà.

Borghild gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Àdágbé ni màá kọ́kọ́ lọ bá. Mi ò ní tú ọ̀rá korobá títí màá fi dé ibẹ̀. Màá fi omi kẹ́ẹ̀gì ṣan án. Màá ṣí ìdérí, màá bu omi, màá dé e padà. Mi ò ní wú ikọ́, mi ò ní sín, mi ò ní ronú ìranù. Ṣé o ti gbọ́? Lọ wo ọmọ rẹ."

Ragna dìde, ó dì mọ́ ọn lọ́rùn. Borghild fara dà á.

Oòrùn yọ lọ́jọ́ náà, èyí tó tó ìròyìn fúnra rẹ̀ ní àdúgbò Bergen. Borghild wọ aṣọ ìbílẹ̀ ìyá rẹ̀, pẹ̀lú àwọn fàdákà tó ń mì lókè àyà, ó sì wọ ẹ̀wù òjò lé e lórí, nítorí tó bá dé láti orí omi, ibi tí wọ́n ti ń tò ló ń lọ tààrà. Mo rí i láti ojú fèrèsé tó ń wa ọkọ̀ lọ, apá aṣọ funfun ń yọ lábẹ́ ẹ̀wù òjò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí pèpéle, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa. Ó tú ọ̀rá korobá. Ó fi omi kẹ́ẹ̀gì ṣan án títí kẹ́ẹ̀gì fi gbẹ, torí ó fẹ́ kó dá òun lójú. Ó gbé e kalẹ̀ láti ṣí ìdérí Àdágbé, ó kàn yí ẹ̀yìn padà ni, ẹyẹ òkun ńlá kan kọjá lókè, ó sì yàgbẹ́ sínú korobá náà gan-an. Borghild bú ẹyẹ náà ní ìbú tí n kò lè kọ síbí. Kẹ́ẹ̀gì ti gbẹ. Láti ìlú, ó ti ń gbọ́ orin àwọn ọmọ tó ń palẹ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ gbé korobá, ọwọ́ rẹ̀ ki í bọ òkun, ó yí i, ó dà á nù, ó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lẹ́yìn náà ló bu omi nínú Àdágbé, ó dé e, ó lọ bá àwọn mẹ́rin yòókù, ó wá sílé.

Lọ́sàn-án, gbogbo wa wà ní ìta ilé ìdáná. Mo ti ṣe kéèkì tí mo fi ìpara wàrà bò, áísìkiriìmù wà, Åse jókòó lórí ẹsẹ̀ Borghild, ó fi ìpara wàrà kun àwọn fàdákà rẹ̀. Ragna ń rẹ́rìn-ín lọ́nà tí a kò tíì rí i rí. Ni Borghild bá ní òun ní ìtàn kan.

"Ragna, korobá rẹ ti ṣe ìrìbọmi lónìí."

"Kí ló dé?"

"Ẹyẹ òkun. Ojú tì mí fún un. Ó wò mí kí ó tó ṣe é, mo búra."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ragna fi aṣọ nu ojú.

"Sínú korobá Àdágbé?" ni Ragna bi í. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Sínú rẹ̀ gan-an. Má dààmú. Mo ṣan án dáadáa. Torí pé tìrẹ ni, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣan án."

"Ṣé kẹ́ẹ̀gì tó yín?"

"Kẹ́ẹ̀gì ti gbẹ nígbà yẹn."

"Kí lẹ wá fi ṣan án?"

"Òkun," ni Borghild dáhùn. "Kí ni mo tún fẹ́ fi..."

Kò parí rẹ̀. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ̀ ọ́ lára fúnra rẹ̀, bí ojú rẹ̀ ṣe funfun báláú. Ragna gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò pariwo. Ó ní òun ń lọ wo nǹkan kan, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté. Åse bi wá pé níbo ni màmá òun ń lọ.

Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Omi tó bá ti wọ inú omi, kò ṣeé yọ. Ìwọ̀nba omi ọ̀sà tó ṣẹ́kù sí ìdí korobá ló wọlé, ṣùgbọ́n mo ti sọ ohun tó wà nínú ṣíbí tíì kan.

Ohun tó dun Borghild jù ni pé kò sí ẹni tó bú u. Àìsàn àwa ará ibí nìyẹn. Halvard padà dé, ó gbọ́, ó mi orí, ó ní, "Ó ṣẹlẹ̀," ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ragna nìkan ló bá sọ̀rọ̀ líle, ìlẹ̀kùn ò sì pa dé dáadáa.

"Iṣẹ́ rẹ ni láti wà níbẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀."

"Mo mọ̀."

"Kí ni kí n kọ fún àwọn tó fún ọ lówó?"

"Ẹ kọ pé èmi ni mo lọ."

Borghild gbọ́ ọ, torí pé ẹ̀gbẹ́ mi ló dúró sí pẹ̀lú ife kọfí. Láti ọjọ́ yẹn, kò fọwọ́ kan korobá mọ́. Kò fọwọ́ kan ti Ragna, kò fọwọ́ kan tirẹ̀ pàápàá. Ó ń wa ọkọ̀, ó ń so okùn, á sì fi ọwọ́ méjèèjì sórí ẹsẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe tán. Nígbà tí mo lọ gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, mo rí ìpẹ́ tó ti gbẹ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. N kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Ìrètí ò tíì tán pátápátá. Àwọn àpò mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí mọ́, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Àdágbé dúró. Ó funfun ju bí a ṣe rí i rí lọ, ó ki bí ẹ̀kọ. Ragna bẹ̀rẹ̀ sí jẹun padà. Ó kọrin lẹ́ẹ̀kan nínú ilé ìwẹ̀, mi ò sì ráhùn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá wọn lọ torí mo fẹ́ ju àwọ̀n kékeré mi. Afẹ́fẹ́ ò sí. Ragna ṣí ìdérí Àdágbé, òórùn kan sì jáde wá bá wa nínú ọkọ̀. Gbogbo wa mọ òórùn náà. Òun ni ẹni tó bá ti pẹ́ lájò máa ń gbóòórùn rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá kù díẹ̀ kó dé, tí omijé á sì bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà tí Àdágbé ti wà, kò rùn bẹ́ẹ̀ rí; ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì bá ń pa ewéko náà ni òórùn yìí máa ń jáde lára rẹ̀. Mo wo Borghild, ó ń wo iwájú.

"Àǹtí, kí ló ń rùn?" ni Ragna bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ jù wá lọ.

"Òkun ni," ni Borghild wí.

Ragna jókòó sórí pèpéle náà. Kò sunkún. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Àdágbé mọ́ gaara, ènìyàn sì lè rí okùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ tó mọ́ náà ni Borghild ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó pa ẹ́ńjìnnì láàárín ọ̀sà nígbà tí a ń padà bọ̀.

"Bú mi."

"Kí n bú yín?" ni Ragna wí.

"Bú mi, mo ní. Pè mí ní arúgbó òmùgọ̀. Arnfinn, dí etí rẹ."

Mo dí etí mi, ṣùgbọ́n mi ò dí i dáadáa.

"Ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é," ni Ragna wí.

"Ṣé ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ni wọ́n ń bú nìkan?" Borghild fi àtàǹpàkò rẹ̀ hàn án, pẹ̀lú àpá kékeré funfun lórí rẹ̀. "Bàbá mi ki ọwọ́ yìí bọ inú omi yìí. Ó ní kò ní àrùn. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń wẹ ohun gbogbo nínú rẹ̀. Kí ni mo wá ń wẹ̀ ẹ́ sí?"

Ragna gba ọwọ́ náà, ó wò ó.

"Àwọn fáírọ́ọ̀sì yìí kì í wá yín. Ewéko yẹn ni tiwọn. Tí wọn ò bá sí níbẹ̀, ohun kan ṣoṣo máa gba gbogbo ọ̀sà yìí, á jẹ gbogbo oúnjẹ inú rẹ̀ tán. Wọ́n máa ń tú u ká. Ohun tó wà nínú rẹ̀ á padà sínú omi, àwọn ohun kéékèèké mìíràn á rí jẹ."

"Ẹja ńkọ́?"

"Ó máa dé ọ̀dọ̀ ẹja náà nígbẹ̀yìn."

"Bàbá mi ò wá purọ́ nìyẹn."

"Kò purọ́," ni Ragna wí. Ó fi ọwọ́ náà sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n àpò mi kú, Àǹtí. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Ó bàjẹ́ débi pé mi ò ní agbára láti bú ẹnikẹ́ni."

"Ó dáa," ni Borghild wí. Ó tan ẹ́ńjìnnì. Ó hàn pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn díẹ̀ pé ẹnì kan ti sọ ọ́ jáde.

Halvard kọ̀wé béèrè owó fún ọdún kan sí i, nítorí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ẹni tó bá mọ èdè ìjọba mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ragna gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí ilé wọn lókè lọ́hùn-ún, láti ìgbà ìwọ́wé. Ó ní tí owó bá yọ níbì kan, òun á padà wá. A ní bẹ́ẹ̀ ni, dájúdájú. Ohun tí à ń sọ nìyẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n tú pèpéle ká, ìlú jáde láti ràn wá lọ́wọ́, bí a ṣe máa ń ṣe. Torgeir náà wá pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé èjìká, ó ní òun ò fẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ orúkọ òun mú òun. Mo se ọbẹ̀ ẹran àti ànàmọ́ sínú ìkòkò tó tóbi jù. Wọ́n da omi àwọn àpò padà sínú ọ̀sà, Àdágbé ló kẹ́yìn, wọ́n ká wọn bí aṣọ ibùsùn. Borghild jókòó sí ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó ń dúró de ohun tó máa kó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ẹsẹ̀.

Ragna wá pẹ̀lú korobá Àdágbé, ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ jù ú sínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ó tú ọ̀rá náà kúrò, ó kúnlẹ̀ létí èbúté, ó sì ki korobá bọ òkun. Ó yí i, ó dà á nù. Ọwọ́ rẹ̀ le bíi ti ẹni tí kò ṣe é rí, omi ta sí i lójú. Ó tún un ṣe. Torgeir dúró pẹ̀lú okùn léjìká. Ragna tún ki í bọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà ló nà án sí Borghild.

Borghild wo korobá náà, kò tíì gbà á.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń tó," ló wí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ṣe tèmi, Àǹtí."

Borghild na ọwọ́, ó gbà á, ó sì gbé e wọnú ọkọ̀.